Micra kékeré, ọdún kọkànlá: bí mo ṣe rà á, bí mo ṣe ń tọ́jú ẹ̀, àti ibi tówó ń gbà jáde

Ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ń wa Micra kan ṣoṣo láti bí ọdún mọ́kànlá tẹ́nì kankan ò tíì sọ ẹ́ńjìnì ẹ̀ kalẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ n kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí lẹ́ẹ̀kan. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Nissan Micra ni tèmi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní K11, olójú róbótó yẹn tó kún Mókọ́lá àti Ìwó Road, ẹ́ńjìnì 1.0, mánúà. Mi ò kì í ṣe mẹkáníìkì o, ẹ má wá bi mí bí wọ́n ṣe ń tú jíà. Ohun tí mo ní ni ìwé ẹsasáìsì kan tó ń gbé inú píjìn-họ́ọ̀lù, gbogbo kọ́bọ̀ tí mọ́tò yìí ti jẹ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú déètì àti mílíéèjì.

Lọ́dún kẹta ni mo jókòó tí mo ka ìwé yẹn látòkèdélẹ̀, tí mo wá rí i pé kò sí owó ńlá kan tí mo ná tí kò ní nǹkan kékeré kan níwájú ẹ̀ tí mo ti ní "màá ṣe é tóṣù bá parí". Họ́ọ̀sì omi tó ń kán tó, tó, ló sọ mí di ẹni tó ń ra rédíétọ̀. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ìdí táyà tó ń ké lójú gọ́tà ló jẹ táyà méjì. Mọ́tò yìí ò gbówó lórí, sùúrù ló ní fún onígbèsè díẹ̀, tó bá wá tó àkókò á gba gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà

Ọdún 1992 ni Nissan gbé K11 jáde. Àwọn tó wọ Yúróòpù, Sunderland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, nígbà tó di 1993 òun ni wọ́n fún ní oyè mọ́tò ọdún ní Yúróòpù, mọ́tò ilẹ̀ Japan kankan ò sì gba oyè yẹn rí ṣáájú ẹ̀. Ẹ ò ní torí oyè ra mọ́tò, mo mọ̀, àmọ́ àwọn onítakisí Ìbàdàn ò kàn ṣàdédé rọ́ tì í náà. Ẹ́ńjìnì 1.0 àti 1.3 ló pọ̀ jù, ṣéènì ló sì ń yí inú àwọn méjèèjì, ẹ ò ní bẹ́líìtì tẹ́ ẹ máa máa bẹ̀rù pé ó lè já lójú ọ̀nà kó ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, K12, tí iná iwájú ẹ̀ yọ sókè bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, inú ẹ̀ fẹjú díẹ̀, ó sì rẹwà ju K11 lọ, àmọ́ wáyà inú ẹ̀ pọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá ní rìwáyà tó mọṣẹ́ nítòsí, K11 ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kò sí K11 tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé mọ́. Kọ́sítọ́ọ̀mù ò gba mọ́tò àlòkù tó bá ti ju ọdún 12 lọ wọlé, ọ̀nà Kútọnu tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà, láti January 2017 ni wọ́n ti fòfin de gbígbé mọ́tò gba ojú ilẹ̀ wọlé. Torí náà ẹni tó bá ń sọ fún yín pé K11 òun ṣẹ̀ṣẹ̀ já láti Belgium lóṣù tó kọjá, yálà fàyàwọ́ ló fi gbé e wọlé tàbí irọ́ ló ń pa, kò sì sí èyí tó dáa fún yín nínú méjèèjì. Èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí lẹ máa rà, ìyẹn ni pé ìbéèrè tó kàn ni: ta ló lò ó?

Tó bá jẹ́ pé ó ti ṣe takisí rí, ẹ sá. Mọ́tò tó ń kó èèyàn mẹ́fà láti Òjóò lọ sí Bẹẹrẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kò sí ọ̀dà tó lè bò ó. Ẹ ṣí búùtù, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo àwọ̀ irin abẹ́ ẹ̀. Ẹ fa rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn díẹ̀, ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń bu epo, àwọn pẹnẹ́lì-bítà kì í rántí kun ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ẹ di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mú, kẹ́ ẹ gbé e sókè díẹ̀, tó bá ń mì ní ìdí, èrò ló ti ń fà á ya láti ọjọ́ pípẹ́. Ọgbọ́n kan tún wà tí mi ò rí kẹ́ni kankan sọ: ẹ wá onílẹ̀kùn méjì. Kò sí onítakisí tó máa ra mọ́tò tí èrò ẹ̀yìn ò rí ilẹ̀kùn gbà jáde, torí náà èyí tó bá jẹ́ onílẹ̀kùn méjì, ọwọ́ aládàáni ló sábà máa ń wà látìbẹ̀rẹ̀. Owó ẹ̀ tún máa ń wálẹ̀ torí pé àwọn èèyàn ò fẹ́ ẹ. Onílẹ̀kùn méjì ni tèmi. Ìyá mi ò tíì dárí jì mí lórí ẹ̀ tó bá di pé kí wọ́n wọ ẹ̀yìn.

Tí ẹ̀gbọ́n yín ní London bá ní òun fẹ́ fi tòun ránṣẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi owó ránṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì tiwọn wà, láti April 1972 la sì ti kúrò nídìí ìyẹn nílẹ̀ yìí. Àwọn kan máa ń gbé e sí òsì fún tità, ẹ tan wáípà, tó bá jẹ́ pé iwájú èrò ló ń nù jù tó sì fi igun kan sílẹ̀ láìnù níwájú awakọ̀, ẹ kí wọn kẹ́ ẹ máa lọ.

2. Òwúrọ̀ tẹ́ ẹ máa lọ wò ó

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kẹ́ ẹ dé ibẹ̀, ẹ má pè wọ́n tẹ́lẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe lẹ́yìn ẹ káàárọ̀ ni pé kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mọ́tò tútù ló ń sọ òótọ́, mọ́tò tí wọ́n ti mú gbóná sílẹ̀, ó ti mọ ohun tó máa wí. Èyí tí mo kọ́kọ́ lọ wò, ní Àpáta, bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ gbóná bí ìkòkò. Mo bèèrè, ọkùnrin yẹn ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbé ọmọ lọ síléèwé ni. Ọjọ́ Sátidé ni.

Kẹ́ ẹ tó tan án, ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Omi tó mọ́, tàbí tó ní àwọ̀ kúláńtì, ó dáa. Tó bá pọ́n bí omi odò, omi kànga ni wọ́n ti ń dà sí i, ìdọ̀tí ti wọnú ẹ́ńjìnì. Tẹ́ ẹ bá rí òróró tó ń léfòó lójú ẹ̀, ẹ pa á dé. Ẹ yọ ìdérí ibi tí wọ́n ti ń bu ọ́ìlì, ẹ yí i wo: tí nǹkan funfun bá lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ bí ẹ̀kọ, omi àti ọ́ìlì ti pàdé, gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ti lọ nìyẹn.

Ẹ wá ní kí wọ́n tan án, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Tó bá ké kẹ̀kẹ̀kẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì tó sì dákẹ́, ọ́ìlì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, kò burú. Tó bá ń ké lọ láìdákẹ́, ṣéènì ti fà, iṣẹ́ ńlá ni. Èéfín búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun tó ń tú lọ lẹ́yìn tó ti gbóná tán, omi ló ń jó níbẹ̀. Ẹ pa AC, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró títí fáànù fi máa ta, kẹ́ ẹ sì máa wo abẹ́rẹ́ géèjì: ó yẹ kó dúró lápá ìsàlẹ̀ àárín, kí fáànù dá a padà tó bá fẹ́ gòkè. Ibí yìí ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú yín, wọ́n á ní àwọn ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fíríìjì, kẹ́ ẹ fi máa rìn ín lórí bọ́dì. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, pọ́tì ni wọ́n fi dí i. Kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wo irin abẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tí jáàkì ń wọ̀, torí pé ìpẹtà ni àrùn K11, ibẹ̀ ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ó ku kẹ́ ẹ wà á. Tẹ́ ẹ bá wà n'Íbàdàn, òkè Màpó ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ dúró ní ìdajì òkè yẹn, ẹ fa hánbíréèkì, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí gbogbo nǹkan. Tó bá ń yọ́ padà sẹ́yìn, ẹ ti mọ̀. Ẹ fi jíà kìíní gbéra níbẹ̀: tí ẹ́ńjìnì bá ń ké tí mọ́tò ò sì lọ, klọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán. Ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ yí sítíárì dópin kẹ́ ẹ máa yí po bí ẹni ń jó, ní ọ̀tún, ní òsì, tẹ́ ẹ bá gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ níwájú, orí ṣáàfù ni, ẹ yọ owó ẹ̀ kúrò nínú owó tẹ́ ẹ fẹ́ san.

3. Ìwé mọ́tò

Kíákíá. Nọ́ńbà ṣaṣí tó wà lára mọ́tò gbọ́dọ̀ bá tinú ìwé mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Èyí tí wọ́n ṣe ní Sunderland, SJN ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì rí K11 láàárín ẹ̀. Ẹ gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ sì yí orúkọ padà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kì í ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ìnṣọ́ránsì táádì pátì, ₦15,000 ni láti 2023, èyí tí wọ́n bá tà fún yín ní ₦3,000 lábẹ́ igi, bébà lásán ni.

4. Owó oṣù àkọ́kọ́

Ẹ má fi gbogbo owó ọwọ́ yín ra mọ́tò. Ìdámẹ́rin owó yẹn ni kẹ́ ẹ fi sápá kan, torí kò sí ẹni tó ń ta mọ́tò tó ṣe sáfíìsì ẹ̀ lóṣù tó fẹ́ tà á. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà ẹ̀, plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fílítà atẹ́gùn, omi bíréèkì, bẹ́líìtì ẹ̀gbẹ́ (èyí tó wà níta ẹ́ńjìnì), mo fọ gbogbo ọ̀nà omi mo sì da kúláńtì sí i. Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo ra ìwé ẹsasáìsì yẹn náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ọjọ́ orí gbogbo nǹkan tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, mi ò sí lábẹ́ àṣẹ "ó dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é" mọ́.

5. Omi ni kókó

Lọ́dún kejì, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan torí họ́ọ̀sì tó ń jò. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, ó mú irin kékeré kan dání, èyí tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì fi máa gbóná, ó ní:

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bá yín ju tẹ́mósítáàtì yìí nù. Àwọn òyìnbó ló nílò ẹ̀, torí òtútù ọ̀dọ̀ wọn. Ilẹ̀ tiwa gbóná."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, jàre. Gbogbo takisí ìlú yìí, ẹ wá èyí tó ní in."

Mo gbà. Àgbà ni wọ́n, mo sì rò pé wọ́n mọ̀ jù mí lọ. Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀, mo ń ka ìwé mi, mo rí i pé mọ́tò tó ń fún mi ní kìlómítà 14 lórí lítà epo kan ti wá sílẹ̀ sí 11. Ohun tó fà á rèé: láìsí tẹ́mósítáàtì, ẹ́ńjìnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ kó gbóná, bíréènì-bọ́ọ̀kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, á rò pé òwúrọ̀ ṣì ni, á máa da epo sí i bí ẹni ń tan iná igi tútù. Inú ẹ́ńjìnì sì ń jẹ ara ẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Mo lọ ra tuntun, owó ẹ̀ ò tó owó epo ọ̀sẹ̀ kan, mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi dá a padà. Ẹ má jẹ́ kẹ́ni kankan yọ tiyín. Tí mọ́tò bá ń gbóná jù, nǹkan ló ń ṣe é, fáànù ni, rédíétọ̀ tó dí ni, póńpù omi ni, ẹ ní kí wọ́n wá èyí tó jẹ́.

Láràárọ̀, kẹ́ ẹ tó tan mọ́tò, ẹ wo ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. Tó bá ń lọ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń jò níbì kan, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀ mọ́jú kẹ́ ẹ rí ibi tó ti ń kán. Ẹ má máa bu omi ẹ̀rọ sí i bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́.

Tí abẹ́rẹ́ bá wá gòkè lọ́jọ́ kan nínú gosíló, ẹ pa AC, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kẹ́ ẹ tan híítà dópin. Ẹ máa làágùn bí ẹni ń gún iyán, àmọ́ híítà yẹn máa fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnì títí ẹ fi máa ríbi yà sí. Ẹ pa á, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ fún ó kéré tán ìdajì wákàtí, ẹ sì má gbà kẹ́nì kankan da omi tútù sí i lára nígbà tó ṣì ń hó. Alumíníọ́ọ̀mù lorí ẹ́ńjìnì yẹn, tó bá gbóná tí omi tútù kọlù ú, á ká, ibẹ̀ lẹ máa ti gbọ́ "Ọ̀gá, ó ti di ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì o".

6. Ọ́ìlì

Kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ṣéènì tí mo ní kò ní já yẹn, ọ́ìlì ló ń dì í mú kó le, ọ́ìlì náà ló ń fi yọ̀, tó bá ti dúdú tó nípọn bí ọ̀dà ṣéènì á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹ́ńjìnì 1.0 yìí ò gbà ju nǹkan bíi lítà 3 lọ, torí náà gálọ́ọ̀nù lítà 4 máa ń ṣẹ́kù, ìyókù yẹn ni ọmọ iṣẹ́ máa ń fi ọgbọ́n gbé sápá kan lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ẹ gbà á. Búùtù yín ni kó máa gbé, òun lẹ máa fi kún un tí dípísítíìkì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, bá fi hàn pé ó ti wálẹ̀. Ọjọ́ Sunday kí n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń fa tèmi wò, ìṣẹ́jú kan ni. Ibi tẹ́ ẹ ti ń ra ọ́ìlì náà ṣe pàtàkì, ayédèrú ẹ̀ pọ̀, ẹ ra á lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ ilé ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fa gálọ́ọ̀nù yẹn ya kó tó kúrò níwájú yín, kí wọ́n má baà tún rọ nǹkan míì sínú ẹ̀ tà fún ẹlòmíì.

7. Páàtì, táyà, epo

Àràrọ̀mí ní Àgodi Gate ni mo ti ń ra páàtì. Ẹ mú ògbólógbòó èyí tẹ́ ẹ yọ dání, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun kẹ́ ẹ wò ó, torí ti K11 àti K12 kì í bára mu, ẹni tó ń tajà sì lè sọ pé "ọ̀kan náà ni" láìwo ojú yín. Fún ọ̀tánétọ̀, kíìkì sítátà, irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Bẹ́jíọ̀ọ̀mù, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, tó jẹ́ ojúlówó sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Àmọ́ bíréèkì páàdì, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, họ́ọ̀sì, tuntun ni o. Rọ́bà àlòkù, ọjọ́ wo ló máa já, ẹni tó tà á ò mọ̀.

Táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àwọn róòdù séfìtì ní ọdún mẹ́rin ni, bó ti wù kó dán tó. Táyà Micra kéré, owó ẹ̀ ò pọ̀ tó ti jíípù, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa ra tòkunbọ̀ tó ti gbẹ.

Láti 29 May 2023 tí wọ́n ti kéde pé sọ́bsídì ti lọ, onímọ́tò ńlá ládùúgbò wa ló ń wá bi mí léèrè Micra. Ẹ wọn tiyín fúnra yín: ẹ kún táńkì dẹ́nu, ẹ kọ mílíéèjì sílẹ̀, ẹ wà á bó ṣe wù yín, ẹ tún kún un dẹ́nu nílé epo kan náà, kẹ́ ẹ fi iye lítà tó wọlé pín kìlómítà tẹ́ ẹ rìn. Mo rin 210, ó gba lítà 15, 14 nìyẹn. Tí nọ́ńbà yìí bá já wálẹ̀ lójijì, nǹkan kan ti ń bàjẹ́ kó tó pariwo, plọ́ọ̀gì, bíréèkì tó ń di mọ́, fílítà tó dí, tàbí ẹni tó yọ tẹ́mósítáàtì yín.

8. Ohun tí kò lè ṣe

Mọ́tò tí kò tó tọ́ọ̀nù kan ni. Lórí ọ̀nà Èkó, tí tírélà bá fò yín kọjá, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára sítíárì. Mi ò kì í kọjá 90 níbẹ̀, mi ò sì kì í rìn ín lálẹ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá tan AC pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ wá fẹ́ gun òkè, ẹ yan ọ̀kan: AC tàbí òkè. Kòtò ilẹ̀ wa sì ń pa ṣọ́ọ̀kì ẹ̀, ìwé mi fi hàn pé ìdí iwájú ló jẹ owó mi jù nínú gbogbo mọ́tò yìí, ẹ má retí pé tiyín máa yàtọ̀.

Àwọn kan ń bèèrè ìgbà tí mo máa tà á. Kì í ṣe ẹ́ńjìnì ló máa lé mi kúrò níbẹ̀, irin abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ni. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, mo máa ń gbé jáàkì sí i lápá méjèèjì kí n rí i bóyá ó ṣì lè gbé e, mo máa ń ha ibi tó bá ti ń pẹtà, kí n kun ún. Ọjọ́ tí jáàkì bá wọnú ẹ̀ bí ẹni gún iṣu jíjinná, ọjọ́ yẹn ni mo máa tà á fún àwọn tó ń tú mọ́tò ní Gate. Mo dán an wò lóṣù tó kọjá, apá òsì ké díẹ̀, àmọ́ ó gbé e.